Ọ̀nà Tó Gba Orí Ibojì Bàbá Àgbà

Bí ẹ bá ń ti ìdí rélùwéè bọ̀ ní Minna, tí ẹ forí lé apá Maitumbi, ibì kan wà tí ọ̀nà ọlọ́dà náà ti rọra tẹ̀ wọlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ọsàn máa ń na agboòrùn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àwọn ọlọ́kadà sì máa ń fi eré kọjá. Bàbá tó bí bàbá mi ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ti rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri láti Soje títí dé Barkin Sale. Wọ́n ti gbọ́ ọ lórí pèpéle, tó ń fi Haúsá bẹ̀rẹ̀, tó ń fi Yorùbá ṣe ẹ̀fẹ̀, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì parí ẹ̀, títí àwọn àgbàlagbà fi ń nu ojú. Wọ́n á ní, níbo ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ báyẹn? Mo máa ń ní ilé wa ló ti kọ́ ọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mo ń fi ìdílé wa yangàn ni. Irun orí èmi náà ti ń funfun báyìí, àwa méjì péré ló sì kù tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá Àgbà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí nígbà tí rélùwéè ń wá ọwọ́ tó lágbára. Ó ṣiṣẹ́, ó kọ́ ilé alámọ̀ kan tó fi páànù bò lẹ́yìn ojú irin, níbi tí ó jẹ́ pé àwa nìkan ni Yorùbá láàárín àwọn ará àdúgbò. Ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ìjọ ní kí wọ́n sin ín sí ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ. Ìyá Àgbà ní rárá, pé ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé kì í lọ sùn nílé onílé. Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ igi dongoyaro, wọ́n fi símẹ́ńtì bò ó. Orí símẹ́ńtì yẹn ni Ìyá Àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ ló ń sá èlùbọ́ sí. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á jókòó síbẹ̀, á máa ròyìn ọjọ́ fún ọkọ rẹ̀: òjò tó rọ̀ tàbí tó kọ̀, ẹni tó ṣàìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí àwa ọmọ bà jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ọmọ ló ní bàbá àgbà onísímẹ́ńtì.

Ìyá wa kú lórí ìkúnlẹ̀ mi. Bàbá wa wà pẹ̀lú àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, lọ́nà jíjìn, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Ìyá Àgbà ló tọ́ wa. Ó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Minna, síbẹ̀ Haúsá rẹ̀ kò kọjá "sannu" tó fi ń kíni àti "nawa ne" tó fi ń bèèrè iye ọjà. Ó ní ahọ́n tí òun gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì gbó, kí ni òun fẹ́ fi òmíràn ṣe? Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Haúsá la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà, Yorùbá wa ló ń tiro. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ẹnu Ìyá Àgbà láti kékeré. Bí àlejò bá dé, òun ni wọ́n á pè.

Ìyá Àgbà ní òwe kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó. Ó fi tọ́ wa ni, kì í ṣe àsọdùn. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó kí àgbà ná, kó tó la ẹnu. Bí iṣẹ́ náà bá korò, ọmọ á wá ibi tó rọ̀ lára rẹ̀, á fi síwájú. Iná àtùpà kì í kú nílé wa, ó máa ń sùn ni. Ewúrẹ́ kì í kú, ó jáde ni, kò tíì wọlé.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ tí mo sáré wọlé pé, "Ìyá Àgbà, ìyá oníkósé ti kú." Ìyá Haúsá kan ni, tó máa ń din kósé, àkàrà àwọn Haúsá, lẹ́bàá ọ̀nà. Òun àti Ìyá Àgbà kò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jọ jókòó láìsọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá Àgbà ń gún ata lọ́wọ́. Ó fà mí mọ́ra bí ẹni pé ó fẹ́ dì mọ́ mi, ó sì fi ìka aláta yẹn kùn mí lẹ́nu, tòkè tìsàlẹ̀. Ó ní ẹnu tó gbé òkú wọlé báyẹn, kó gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ló rán ẹ̀gbọ́n mi pé kó lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó dé, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ìjókòó, Ìyá Àgbà, wọ́n ní ìyá oníkósé ò ní lè dáná lónìí o. Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Bó ṣe ń sunkún náà ló ń fọwọ́ pa ẹ̀gbọ́n mi lórí: "Ẹ ò rí ìyá mi? Ẹ ò rí ẹnu ọmọ?" Ìyá mi ló máa ń pè é, torí ó ní ó jọ ìyá tó bí òun. Orí ẹja inú ọbẹ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbé e fún. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fi omi yọ ẹnu.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, tí wọ́n ní Minna ni yóò jẹ́ olú-ìlú. Ṣe ni ìlú náà jí gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi lù. Lọ́rì símẹ́ńtì ń wọlé, àwọn àjèjì ń wá ilé tí wọ́n á háyà, àwọn ọkùnrin onísòkòtò péńpé ń gbé igi pupa àti funfun kiri, wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n wọn ilẹ̀, a sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúpẹ́. Ẹni tó bá ti ní ilé tirẹ̀ nínú olú-ìlú, wọ́n ní orí ló gbé e débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí a ti iléèwé dé, ọkùnrin méjì yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà, ó gbé ìwé ńlá kan sábẹ́ apá. Èkejì gbé ọ̀dà pupa lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí ibojì. Àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Sannu, kaka," bí wọ́n ṣe ń kí ìyá àgbà ní Haúsá. Ìyá Àgbà ní sannu, ìyẹn sì ni òpin Haúsá rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí. Ó ní ọ̀nà tuntun máa gba ibẹ̀ kọjá, pé ilé wa máa lọ títí dé ìdí kànga. Kí àgbà ilé wá sí ọ́fíìsì ìjọba kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé ńlá, wọ́n á fún wa ní ilẹ̀ níbòmíràn. Ó wá nawọ́ sí ibi tí Ìyá Àgbà jókòó lé. Ó ní ti òkú náà le jù: kí ẹbí àti ìjọ wa tètè wá, àwọn á fún wa ní òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀, kí wọ́n hú u jáde, kí wọ́n lọ tún un sin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹnikẹ́ni ò wá, katapílà ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

Ìyá Àgbà ní, "Kí ló wí, ìyá mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí i tó wo atẹ ẹ̀wà, tó wo símẹ́ńtì, tó sì yíjú wo ẹnu tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò sí èyí tí ọmọdé lè fi sọ fún opó pé wọ́n fẹ́ hú ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, wọ́n kí yín. Wọ́n ní ọ̀nà ìjọba ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn rí Bàbá Àgbà, àwọn á bá wa tọ́jú ibi tí wọ́n sùn sí."

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò láti ìgbà náà, tojú tẹ̀yìn. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí kò ní ìdí tó dúró lé. Ìyá Àgbà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún bàbá náà, àdúrà gígùn. Bàbá náà ní kí ni kaka ń wí? Ẹ̀gbọ́n mi fi Haúsá dá a lóhùn pé wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ọmọkùnrin àwọn á wá. Ọlọ́dà fa àmì pupa sára ògiri. Nígbà tí Ìyá Àgbà bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fi ń mọ àwọn ilé tí ìjọba mọ̀ ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ, ó ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé ọmọ yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn.

Mo bá a lẹ́yìnkùlé, mo ní ohun tí bàbá yẹn sọ kọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Lọ sọ fún wọn, ata ò tíì tán nínú odó."

Mi ò lọ. A jọ pinnu pé bàbá wa la máa sọ ọ́ fún bó bá dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá dé lópin oṣù, Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i, ọ̀rọ̀ náà sì ti dàgbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti di pé ìjọba máa fi irin yí ibojì náà ká, wọ́n sì lè kọ orúkọ sí i. Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí? Ìyá Àgbà ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Bàbá wa jẹ́ ẹni tó máa ń rẹ̀. Ó gbà á gbọ́ torí pé ó dùn ún gbọ́. Kò bi èmi ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó padà síbi iṣẹ́.

Ìyàwó díákónì kan sọ fún Ìyá Àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun gbọ́ pé gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà tuntun ló máa lọ. Ìyá Àgbà ní tàwọn yàtọ̀. Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó tilẹ̀ sín ohùn bàbá ọlọ́fíìsì náà jẹ, títí obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ìyá Àgbà kú oríire. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò wolẹ̀ mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá náà tún wá lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan tí Ìyá Àgbà ò sí nílé, ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní a ti ránṣẹ́ sí bàbá wa. A ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí símẹ́ńtì, ó ní bí òjò bá tètè dé, ṣé wọn ò ní lè ṣiṣẹ́? Mo ní bóyá. A wọ ẹ̀yìn ilé, a kúnlẹ̀, a bẹ Ọlọ́run fún òjò. Ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan la ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀run gbẹ bí àwo tí wọ́n nù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà dé, Ìyá Àgbà ti jí se ẹ̀kọ, ó ti din àkàrà, torí ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, ó sì rò pé àwọn tó fẹ́ wá fi irin yí ọkọ òun ká ni. Wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tó ń wa katapílà jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó ní "Allah ya saka," pé kí Ọlọ́run san ẹ̀san. Ìyá Àgbà ní kí n bu omi fún un.

Ìgbà náà ni bàbá oníwèé ńlá dé. Ó rí ibojì náà bó ṣe wà, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pé títí di ọ̀sán ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó rán ẹnì kan pé kó sáré lọ pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi níwájú gbogbo wọn, ó ní ṣebí òun sọ fún un? Ṣé kò jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ ni?

Ìyá Àgbà ní, "Kí ló wí?"

Ẹ̀gbọ́n mi yí ẹ̀yìn sí i. N kò tíì rí i kó gbójú kúrò lára Ìyá Àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ló kọjú sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Haúsá sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá yìí wá kí opó nílé, ó mu omi rẹ̀, ó ní òun máa tọ́jú ibojì ọkọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ilé wíwó. Ó ní torí pé a jẹ́ Yorùbá, ó rò pé a ò lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n wo ìyá àgbà yìí tó se oúnjẹ fún àwọn tó wá wó ilé lé e lórí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, omijé òótọ́ ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mú òkúta.

Òkúta àkọ́kọ́ ba ara katapílà. Ẹ̀rù ba awakọ̀, ó fò gun orí rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó ń wá ibi tó máa gbà sá. Ibi tó ṣí sílẹ̀ kò ju ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ. Irin ẹsẹ̀ katapílà gun orí símẹ́ńtì Bàbá Àgbà, ó fọ́ bí èèpo ẹyin. N kò ní sọ ohun tí mo rí; kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè hú lọ sin mọ́. Ìyá Àgbà tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Àwọn ọkùnrin gbé ẹ̀gbọ́n mi sí èjìká. Bàbá oníwèé ńlá kọ orúkọ bàbá wa sínú ìwé níbẹ̀, ó fún wa ní ilẹ̀ igun kan ní Maitumbi. A gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Bàbá dé, ó sunkún bàbá rẹ̀, ó nu ojú, ó sì ní ọmọ tó gba ilẹ̀ fún wa nìyí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó dìde kí wọ́n rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ ọmọ ìlú, ó di olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ó di káńsẹ́lọ̀, ó di ohun tó dà lónìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo dúró lẹ́yìn èrò ní Barkin Sale, níbi tó ti ń bá àwọn tí wọ́n fẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba rí wọn. Ó ní ìjọba á tọ́jú ibi tí wọ́n wà. Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ṣàdúrà fún un. Mo kúrò níbẹ̀ kó tó parí.

Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ọjọ́ katapílà náà, ìyàwó díákónì tó wá bá Ìyá Àgbà kẹ́dùn ló jẹ́ kó mọ òótọ́. Ó ní gbogbo ilé tó lókùú lójú ọ̀nà náà ni wọ́n ti sọ fún, àwọn ìdílé kan sì ti hú tiwọn. Nígbà tó lọ tán, Ìyá Àgbà pè mí. Ó ní, "Ìwọ náà gbọ́ Haúsá." Mo dọ̀bálẹ̀. Kò nà mí, kò wá ata. Láti ọjọ́ yẹn èmi ni mo di ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi orúkọ pè é bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kí i, á jẹ́ ẹ "hùn".

Ọdún méjì ló gbé ní Maitumbi. Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà náà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, títí àìsàn fi dá a dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ni mo jókòó tì í lórí ẹní, ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó kúnlẹ̀. Kò kí i, kò wá ibi tó rọ̀.

"Ìyá Àgbà, mo gbọ́ ohun tí bàbá yẹn wí. Ó ní ká wá gbé Bàbá Àgbà. Èmi ni mi ò sọ fún yín. Mo tún wá parọ́ mọ́ ọn. Ẹ dárí jì mí."

Yorùbá ni, ó já gaara. Ìyá Àgbà kò wo apá ibẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Kí ló wí?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo wo egungun ọrùn Ìyá Àgbà bó ṣe ń lọ sókè sódò. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú ara líle, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà."

Ó mi orí díẹ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé ó ṣeun."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní wọ́n ní o ṣeun. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, ó ń kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀ wá wo aláìsàn, ó ń sọ fún wọn pé Ìyá Àgbà ti gbádùn gan-an, wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà kú kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí a ò mọ̀.